Ká Jọ Lọ Ṣe Àyẹ̀wò: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Àrùn Ìbálòpọ̀

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti tọkọtaya àti àwọn tó fẹ́ di tọkọtaya tán. A gé àwọn tó gùn kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò. Iye oògùn tí ẹ bá rí níbí, ẹ fi bá dókítà sọ̀rọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un lọ fi ra oògùn ní kẹ́míìsì.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbéyàwó èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ń bọ̀ lóṣù Kejìlá. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mò ń gbé, Ṣómólú lòun wà. A ti ṣe jẹ́nótáìpù: AA ni èmi, AS ni òun. Ó ku ti àrùn ìbálòpọ̀ ká tó pa kọ́ńdọ̀mù tì. Mo yà sí ilé àyẹ̀wò kan, wọ́n ní kí n sanwó "full STI". Mo bi wọ́n pé kí ló wà nínú ẹ̀, ọmọbìnrin tó jókòó sídìí káńtà ní gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀. Kí ni ká ní kí wọ́n yẹ̀ wò gan-an, ìgbà wo ló sì yẹ ká lọ? (Ìyàwó Ọ̀la, Ìsàlẹ̀ Èkó)

Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè kí ẹ tó tọwọ́ bàpò. "Gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀" kì í ṣe ìdáhùn. Níbì kan, owó yẹn lè jẹ́ ti HIV àti VDRL, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún sífílíìsì, péré; níbòmíràn ẹ lè rí àyẹ̀wò tàífọ́ọ̀dù tí wọ́n tì bọ̀ ọ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ sórí bébà láti ilé: HIV, sífílíìsì, Hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí láàbù máa ń kọ àyẹ̀wò rẹ̀ ní HBsAg, àtọ̀sí àti kílàmídíà, kí wọ́n fi PCR ṣe é, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń wá àbùdá kòkòrò náà gan-an, kí wọ́n sì wo trichomonas, kòkòrò ìbálòpọ̀ mìíràn, fún ẹ̀yin obìnrin. Ti jẹ́nótáìpù yín kò níṣòro, AA àti AS lè fẹ́ ara wọn.

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa ṣe é o. Àwọn kan máa ń ní kí obìnrin lọ ṣe é, pé bí tiẹ̀ bá ti dára, ti ọkùnrin náà dára nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kílàmídíà lè wà lára ọ̀kan kó má tíì ran èkejì, ọ̀pọ̀ tó ní in ni kò sì rí àmì kankan, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin.

Ìgbà tí ẹ máa lọ ló lágbára jù nínú ìbéèrè yín. Kòkòrò kì í hàn nínú àyẹ̀wò lọ́jọ́ tó wọlé. Ẹ ka ọjọ́ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni nínú yín ti ṣe é láìsí kọ́ńdọ̀mù kẹ́yìn, yálà ẹ̀yin méjèèjì ni tàbí ẹlòmíràn. Àtọ̀sí àti kílàmídíà sábà máa ń hàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. HIV tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe lè gbà tó ọjọ́ 90 kó tó hàn. Èyí tí láàbù fi ẹ̀jẹ̀ apá ṣe, tó ń wá kòkòrò náà pọ̀ mọ́ ọmọ ogun tí ara fi ń bá a jà, ọjọ́ 45 tó o. Sífílíìsì náà lè gbà tó oṣù 3. Hepatitis B sábà máa ń hàn láàárín oṣù 1 sí 2. Nítorí náà, ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan báyìí, ẹ máa lo kọ́ńdọ̀mù lọ, lẹ́yìn oṣù 3 ẹ padà lọ ṣe ti HIV àti sífílíìsì. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀ẹ̀kejì parí kí oṣù Kejìlá tó wọlé, àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ìparí oṣù Kẹjọ. Èsì ẹlẹ́ẹ̀kejì lẹ lè fi pa kọ́ńdọ̀mù tì. Ti àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á ya fọ́tò èsì sórí fóònù, ó parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ jẹun. Ebi kò kan ọ̀rọ̀ yìí rárá, ẹni tí inú rẹ̀ ṣófo ló sì máa ń dákú nígbà tí wọ́n bá ń fa ẹ̀jẹ̀. Ibi tí àṣìṣe wà ni ìtọ̀. Ẹni tó ń fún yín ní ike lè sọ fún yín pé kí ẹ da ìtọ̀ àkọ́kọ́ nù kí ẹ gba ti àárín, torí ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí wọ́n ń wá kòkòrò inú àpòòtọ̀ nìyẹn. Fún àtọ̀sí àti kílàmídíà, òdìkejì ẹ̀ ni: ti àkọ́kọ́ gan-an ni ẹ ń fẹ́, nítorí òun ló ń fọ kòkòrò kúrò lára ojú ọ̀nà ìtọ̀ bọ́ sínú ike. Kí ọkùnrin má tọ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán kó tó gbà á, wákàtí 2 tún dára jù. Kó gba 20 sí 30 mílílítà péré, kó tọ ìyókù dànù. Bí ike bá kún dé ẹnu, ìtọ̀ ti la kòkòrò náà lómi jù nìyẹn, èsì lè wá sọ pé kò sí nǹkan nígbà tí nǹkan wà.

Ti obìnrin, òwú tí wọ́n fi nu ojú ara dára ju ìtọ̀ lọ. Ẹ lè ṣe é fúnra yín nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láàbù, kò dìgbà tí nọ́ọ̀sì bá wo yín: ẹ ki òwú náà wọlé bí íǹṣì méjì, ẹ yí i káàkiri fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30, ẹ fà á yọ láìjẹ́ kó kan itan, ẹ tì í bọ inú ìgò rẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ, alọ́ọ̀mù tàbí omi gbígbóná fọ inú abẹ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó bá sì ti gbé oògùn apakòkòrò mì láàárín ọ̀sẹ̀ 2, kó sọ, torí oògùn náà lè bo kòkòrò mọ́lẹ̀ láìpa á tán.

Kì í ṣe gbogbo ilé àyẹ̀wò ló ní PCR. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó wọ mọ́tò. Bí wọ́n bá ní "culture" làwọn ní, ẹ mọ̀ pé kílàmídíà kì í hù lórí àwo tí wọ́n fi ń gbin kòkòrò, nítorí náà "no growth" kò sọ nǹkan kan nípa kílàmídíà. Kòkòrò àtọ̀sí ní tiẹ̀ lè hù, ṣùgbọ́n ó lẹgẹ́: bó bá gbẹ tàbí bí òtútù bá mú un, ó kú. Òwú tí wọ́n gbà ní kílíníìkì kan ní Lẹ́kí, tó bá sún kẹrẹ fà kẹrẹ wá sí láàbù ní Ìkẹjà, òkú ni wọ́n fẹ́ gbìn. Inú láàbù tó máa gbìn ín ni kí wọ́n ti gbà á.

HIV nìkan kò gbọdọ̀ ná yín lówó ní ilé ìwòsàn ìjọba. General Hospital tó wà ní Òdan kò jìnnà sí yín. Ní ọ̀dọ̀ ọkọ yín, NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba àpapọ̀, ní Yábàá àti LUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì, ní Ìdí-Àràbà wà nítòsí. Ohun tí ẹ máa rí rèé. Nọ́ọ̀sì á nu ìka yín, á jẹ́ kó gbẹ, á gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, á nu ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ kúrò, á wá fa èyí tó tẹ̀ lé e sórí pélébé kan bí ìdajì ìka. Bó bá jẹ́ Determine, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ń lò, á dúró kí ẹ̀jẹ̀ náà wọlé fún ìṣẹ́jú kan, á kán omi inú ìgò kékeré kan sí i lẹ́ẹ̀kan, wọn ò sì gbọdọ̀ kà á kí ìṣẹ́jú 15 tó pé, tàbí lẹ́yìn tí 60 bá kọjá. Ìlà kan níbi tí wọ́n kọ "control" sí: wọn ò rí HIV. Ìlà méjì: wọ́n gbọ́dọ̀ fi kítì mìíràn tún un yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bí ìlà "control" kò bá jáde, kítì ti bàjẹ́, ohun yòówù kó wà níbòmíràn. Ẹ ní kí wọ́n mú òmíràn. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kà á ní ìṣẹ́jú 5 nítorí pé èrò pọ̀ níta, ẹ rọra bẹ̀ ẹ́ kó dúró.

Bí ẹ bá fẹ́ gba èsì nínú yàrá kan náà, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún yín lábẹ́rẹ́. Olùdámọ̀ràn tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan lóun nìkan bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Kí ẹnikẹ́ni má bínú sí i, ìdí wà tó fi ń bèèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, stáfì ti sọ ayé mi di ìdàkudà. Ọdún kẹrin rèé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá nu ojú ara mi, "Staphylococcus aureus" ni wọ́n ń rí. Mo ti gba abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn títí, mo ti mu àgbo. Ọkọ mi ní ara òun dá ṣáṣá, pé inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà ni mo ti kó o, òun ò ní bá mi gba oògùn kankan. (Ìyá Ìbejì, Múṣin)

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Bóyá lẹ ní àrùn tí ẹ ti ń tọ́jú fún ọdún mẹ́rin yìí. Stáfì kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀. Ara àwọ̀ ló ń gbé. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́ta ló ní in nínú imú láìṣe é ní nǹkan kan. Òwú tó bá kan itan tàbí ìka tó dì í mú lè gbé e wọlé, bí láàbù bá sì gbìn ín, á hù, wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á to orúkọ oògùn mẹ́wàá sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni owó ṣe ń jáde lápò àwọn èèyàn ní ìlú yìí. Jẹntamáísìn tí ẹ ń gbà léraléra lè ba etí àti kíndìnrín jẹ́. Ẹ dá a dúró. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín, tí wọ́n ń pè ní E/U/Cr, bí etí bá sì ti ń dún, ẹ sọ fún dókítà.

Kí ló ń ṣe yín gan-an? Ẹ ò kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Bó bá ń yún yín, tí ohun funfun bíi wàràkàṣì ń jáde, yíìsì ló jọ. Bó bá ń rùn bí ẹja, pàápàá lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tó sì ṣàn rẹ́rẹ́, àìdọ́gba kòkòrò inú ojú ara ni, tí wọ́n ń pè ní BV. Bó bá ń hó, tó pọ́n bí ìyeyè tàbí tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé, ẹ ní kí wọ́n wá trichomonas, kí wọ́n wo omi ara náà lábẹ́ ẹ̀rọ awò-kòkòrò lójú ẹsẹ̀, torí bó bá ti tutù, trichomonas kì í rìn mọ́, kò sì ṣeé dá mọ̀. Kí wọ́n fi PCR àtọ̀sí àti kílàmídíà kún un.

Bó bá jẹ́ trichomonas, kò sí bí ọkọ yín kò ṣe ní gba oògùn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ní in kì í mọ̀ pé àwọn ní in. Mẹtronidasóòlù 400 tàbí 500 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 7 ni wọ́n sábà máa ń fún obìnrin. Fún ọkùnrin, bákan náà ni, tàbí gíráàmù 2 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì takété síra yín títí ẹ̀yin méjèèjì á fi lò ó tán, tí àmì á sì ti lọ. Àtọ̀sí àti kílàmídíà náà ńkọ́? Ọjọ́ 7 lẹ́yìn ìtọ́jú àwọn méjèèjì. Bí ọ̀kan bá lò ó lónìí, tí èkejì dúró di oṣù tó ń bọ̀, ṣe lẹ óò máa gbé e fún ara yín.

Ní ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà, àtọ̀sí, kílàmídíà àti sífílíìsì kì í ti orí àga ìgbọ̀nsẹ̀ wọ ara. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbólóhùn yìí lé Bàbá Ìbejì níwájú. Ọ̀rọ̀ "ta ló kó o wálé" kò tíì gbé ọkùnrin kankan dé láàbù. Ẹ sọ pé dókítà fẹ́ rí ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ má tún lọ náwó dànù. Bí kò bá fẹ́ kí wọ́n ki nǹkan bọ òun lára, ìyẹn ló ń ba ọ̀pọ̀ wọn lẹ́rù tí wọn kì í sọ, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìtọ̀ lásán ni. Kí ó má sì lọ ra kápúsù ampíkílọ́ọ̀sì pamọ́ sápò: kò ran kílàmídíà, kò ran trichomonas, àtọ̀sí òde òní sì ti mọ̀ ọ́n lójú.

Wọ́n rí HIV lára ìyàwó mi nígbà tó lọ forúkọ oyún sílẹ̀. Èmi náà ṣe é, wọn ò rí i lára mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lé e jáde, pé ẹ̀rí ti wà nílẹ̀. (Bàbá Ọmọ, Àgégé)

Ẹ̀rí kankan kò sí nílẹ̀, Bàbá Ọmọ. Àyẹ̀wò HIV kì í kọ ọjọ́ tí kòkòrò wọlé. Ìyàwó yín lè ti ní in kí ẹ tó pàdé. Tọkọtaya sì lè jọ wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọ̀kan ní in kí èkejì má ní. Ẹ rí i dájú pé kítì tó ju ẹyọ kan lọ ni wọ́n fi ṣe tiẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ tún tiyín ṣe lẹ́yìn oṣù 3. Bó bá jẹ́ pé láàárín wákàtí 72 sẹ́yìn lẹ bá ara yín lò pọ̀ láìsí kọ́ńdọ̀mù, ẹ má dúró ka lẹ́tà yìí tán: ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó ń fúnni ní oògùn HIV, kí wọ́n fún yín ní PEP, oògùn tí kì í jẹ́ kí HIV ráyè jókòó sí ara, tí ẹ máa lò fún ọjọ́ 28.

Oògùn ló kàn fún ìyàwó yín, lónìí. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bó bá ń lò ó déédéé títí kòkòrò fi lọ sílẹ̀ tí àyẹ̀wò "viral load" kò rí i mọ́, kò ní lè kó o ràn yín nípasẹ̀ ìbálòpọ̀ mọ́. Èyí sábà máa ń gbà tó oṣù 6. Kó tó dìgbà yẹn, kọ́ńdọ̀mù, tàbí kí ẹ̀yin fúnra yín máa lo PrEP, oògùn tí ẹni tí kò ní HIV ń lò kó má bàa kó o. Wọ́n á fún ọmọ ní oògùn olómi bí ẹ bá ti bí i, wọ́n á sì gba ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ìyá lè fún un lọ́mú bó bá ń lo oògùn tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín kò ní ipa kankan nínú ètò yìí.

Pásítọ̀ wa ní kí láàbù fi èsì àyẹ̀wò wa sínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun tààrà, pé a ò gbọdọ̀ ṣí i. Ṣé ó bófin mu? (Ọmọ Ìjọ, Èbúté Mẹ́ta)

Ẹ̀yin lẹ ni èsì yín. Òfin àpapọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014 lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní HIV dáàbò bo àṣírí èsì. Láìsí àṣẹ yín, láàbù kò gbọdọ̀ fi han ẹlòmíràn. Ẹ gba ẹ̀dà tiyín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ jọ kà á lẹ́yin nìkan. Bí ẹ bá wá fẹ́ fi han Pásítọ̀, ìyẹn kù sọ́wọ́ yín. Ẹ tún wo ohun tí ìjọ ní kí ẹ ṣe dáadáa: bó bá jẹ́ HIV, jẹ́nótáìpù àti oyún ni wọ́n kọ, kò sí sífílíìsì, kò sí Hepatitis B níbẹ̀.

Mo gba abẹ́rẹ́ sífílíìsì lọ́dún tó kọjá, VDRL ṣì ń sọ "reactive". (Ẹni Tó Ń Dààmú, Òṣòdì)

"Reactive" ni pé àyẹ̀wò ṣì ń rí nǹkan. Ẹ má wo ọ̀rọ̀ náà, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ 1:32 ṣáájú abẹ́rẹ́, tó wá di 1:8 tàbí ó tún wálẹ̀ sí i, abẹ́rẹ́ ti ṣiṣẹ́. Láàbù kan náà ni kí ẹ máa lò, kí nọ́ńbà lè ṣeé fi wéra. Kítì orí ìka ní tiẹ̀ lè máa sọ pé ó wà títí ayé, nítorí náà ẹ má tún fi í wo ara yín mọ́. Bí nọ́ńbà bá tún gòkè, ẹ padà, ẹ mú ẹnìkejì yín dání, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ni wọn ò tọ́jú.

Wọ́n rí Hepatitis B lára àfẹ́sọ́nà mi. Màmá mi ti ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. (Ọ̀rẹ́ Àtàtà, Bàrígà)

Ẹ bá wa bẹ Màmá kí wọ́n dá abọ́ náà padà sínú ìyókù. Hepatitis B kì í gba inú abọ́ tàbí síbí ranni. Ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ló ń gbà, ìyá sì lè fi ran ọmọ nígbà ìbí. Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ jọ lò ni abẹ ìfárí, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ohun ìgékánná.

Kí àfẹ́sọ́nà yín lọ rí dókítà ẹ̀dọ̀, kó ṣe àyẹ̀wò bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí kòkòrò ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, kó sì tún HBsAg ṣe lẹ́yìn oṣù 6. Bó bá ṣì wà nígbà náà, ó ti di ti ọlọ́jọ́ pípẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló nílò oògùn. Kó jìnnà sí àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀, òmíràn nínú wọn ló ń jẹ ẹ̀dọ̀ náà gan-an. Ẹ̀yin, ẹ ṣe HBsAg àti anti-HBs, èyí tó ń wò bóyá ara ti ní ààbò. Bí méjèèjì bá sọ pé kò sí, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára: ọ̀kan lónìí, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì gbà á rí bí wọ́n bá bí yín ṣáájú 2004, ọdún tí wọ́n mú un wọ inú àjẹsára ọmọdé ní Nàìjíríà. Ẹ máa lo kọ́ńdọ̀mù títí oṣù 1 sí 2 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kẹta, kí ẹ wá tún anti-HBs ṣe. 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ ń wá. Bí oyún bá sì dé, ẹ sọ ọ́ fún agbẹ̀bí kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé, nítorí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wọ ara ọmọ kí wákàtí 24 tó kọjá.